Obìnrin Tó Wà Nínú Tẹlifíṣọ̀n Wa

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìrókò.

Olúwadọ̀tun ọmọ mi, Àlàmú,

O kú iṣẹ́, o kú ìrìn, o kú làálàá ìlú Èkó. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ Olúwabùkọ́lá ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń wú lórí fóònù lọ́jọ́sí ti fi í sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú ọ wọlé lálẹ́, ohun tó o bá dì mú kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ń wá ìṣubú rẹ á máa wá a kiri ni, kò ní rí i. Bó o bá ti ṣe àmín tán, wá ibi jókòó sí, torí lẹ́tà yìí gùn díẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù kì í gba ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Bí mo bá ti kí ọ tán, tí mo kí ìyàwó rẹ, tí mo ṣàdúrà fún yín, obìnrin inú fóònù á ti já lu ọ̀rọ̀ mi pé owó mi tán, mi ò sì tíì débi tí mò ń lọ. Ìtùnúolúwa ọmọ díákónì wa ń bọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ Ajé, òun ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Àlàáfíà la wà nílé. Òjò ti dé dáadáa, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ga dé èjìká mi, ẹ̀gẹ́ náà ń ṣe bó ṣe yẹ. Ewúrẹ́ wa, èyí tó máa ń yọ́ wọ ilé ìdáná, ti bí ìbejì, kò sì pẹ́ rárá tó fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ rẹ̀. Àná ni mo ká àwọn ọmọ méjèèjì mọ́ ìdí àwo èlùbọ́, ìyá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́nà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ti iná tí a ó máa fi wo tẹlifíṣọ̀n tó o rà fún wa. Tẹlifíṣọ̀n náà kò bàjẹ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Iná ni mo ní. Àmọ́ o ò ní mọ ìdí tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá tí orúnkún bàbá rẹ ti ní òun ò lọ sóko mọ́, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àga lọ bí a bá ti jẹun alẹ́ tán. Wọ́n á kọjú sí ọ̀nà oko, wọn ò ní sọ nǹkan kan títí oorun á fi kùn wọ́n. Èmi nìkan á wà ní pálọ̀. Ìjà kọ́ o, bàbá rẹ kò bá mi jà rí kó dọ̀la. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó, ẹnu iṣẹ́ la ti máa ń sọ̀rọ̀, bí a bá ń kọ ebè, bí a bá ń bó ẹ̀gẹ́, bí a bá ń ṣẹ́ àgbàdo. Nígbà tí iṣẹ́ tán, ọ̀rọ̀ náà tán. Ó máa ń dùn mí, Àlàmú, kí n máa gbọ́ tí ọkọ mi ń wúkọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, kí n má mọ ohun tí mo lè fi pè wọ́n wọlé.

Àfi ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n dé. Sanmí tó máa ń bá wa tún iná ṣe gbé e sórí tábìlì, ó so ó mọ́ sólà tó o fi ránṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ lórí iṣu. Bàbá rẹ gbọ́ ọ láti abẹ́ igi. Wọ́n ní kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ, pé ṣé bí wọ́n ṣe ń gé èèbù ní ìlú tirẹ̀ nìyẹn. Ni wọ́n bá gbé àga wọn wọlé láti wá bá a wí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá lálaalẹ́, tí wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn, tí wọ́n sì ń yíjú sí mi pé ṣé mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo máa ń ní mo gbọ́. Nígbà mìíràn mi ò gbọ́, inú mi ló dùn débi pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ etí mi.

Wàyí o, ìwọ náà mọ bí a ṣe tọ́ ọ. A kì í gba àlejò sínú òkùnkùn. Ènìyàn á wọ aṣọ dáadáa, á jókòó, á kí ọ pé ẹ káalẹ́, á máa sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé fún ọ, ìwọ á wá jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú àká. Mo ní kí Sanmí bá mi ra gílóòbù tó tóbi jù lọ́jà, kó fi sára ògiri tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n gan-an, lókè ibi tí èmi àti bàbá rẹ ń jókòó, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè máa rí wa kedere, kí wọ́n sì mọ̀ pé ilé ọmọlúàbí ni wọ́n wọ̀. Sanmí ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Bí gílóòbù yẹn ṣe tàn báyìí, gílóòbù mìíràn tàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó bọ́ sí iwájú orí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn, ó ń dán yanranyanran níbẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí mo rò pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lórí. Ọmọ́nlé kan rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù tiwa, ni ọmọ́nlé kan bá rìn kọjá ní iwájú orí ọkùnrin náà, kò tilẹ̀ gbọ́wọ́ sókè lé e. Mo sọ fún bàbá rẹ pé iṣẹ́ yẹn le.

Obìnrin kan náà tún wà níbẹ̀. Ó jókòó ní kọ̀rọ̀ apá òsì, ó dàgbà díẹ̀, ó fi ìborùn funfun borí, ó ró àdìrẹ bíi èyí tó o rà fún mi lọ́dún Àjíǹde. Ìbáà jẹ́ ìròyìn ni wọ́n ń sọ, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, ó jókòó síbẹ̀, kò wí nǹkan kan. Mo rò pé ńṣe ló ń bójú tó wọn, bí ìyá ìjọ ṣe máa ń jókòó ti àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Mo máa ń mi orí sí i, òun náà á sì mi orí sí mi, mo wá ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn pé ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá rẹ tó sọ fún mi, wọn ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, pé èmi ni. Mo ní èmi kọ́, mi ò tíì dàgbà tó yẹn. Wọ́n ní kí n yọ ìborùn. Mo yọ ọ́, obìnrin náà yọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àmọ́ mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti dé ni ojú bàbá rẹ. Wọ́n ní wíwo tẹlifíṣọ̀n yẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wá ẹja nínú odò tí oòrùn ń ràn sí. Wọ́n á yọ orí síbí, wọ́n á yọ orí sọ́hùn-ún, kí wọ́n tó rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nídìí gílóòbù, ọ̀rọ̀ á ti tán. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, orí ń fọ́ wọn. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n ní ojú àwọn kì í ṣe ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì padà sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́. Mo wo àyè àga náà nílẹ̀, ọkàn mi bàjẹ́, ni mo bá pè ọ́.

O rántí pé o ní iná yẹn ló pọ̀ jù, pé kí n pa èyí tó dojú kọ ọ́. O tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, owó fóònù mi tán, mo sì rò pé àdúrà ni yóò kù. Mo wá ní bí ẹyọ kan bá burú, gbogbo rẹ̀ ló burú. Mo pa ti pálọ̀, mo pa ti ọ̀ọ̀dẹ̀, mo pa ti ilé ìdáná, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ mú bàbá rẹ wọlé. Ilé náà ṣókùnkùn biribiri, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń ṣẹ́jú. Ojú bàbá rẹ tó ti ń ṣomi tẹ́lẹ̀ wá di odò. Wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún, ó tún ń dà. Èmi náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. A rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ pátápátá kó má baà dá kún un.

O mọ ìlú wa. Ilé tí àgbàlagbà bá wà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí wọn ò tanná, aládùúgbò kì í kọjá lọ. Ìyá Kifayah tí ilé rẹ̀ kan tiwa kírun tán, ó ń bọ̀ níta, ó rí i pé ibi gbogbo dúdú, àfi ìmọ́lẹ̀ kan báyìí tó ń mì lára ògiri. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wa láti ojú fèrèsé. Bàbá rẹ rèé tí wọ́n ń nu omijé, èmi rèé tí mo káwọ́ lérí, kò sí iná, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní Dọ̀tun, ó ní ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tí kì í kọjá lára àgbà láìkí i, ó ní òun ti sọ pé Èkó yẹn jìnnà jù. Kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń tanná, pálọ̀ ti kún. Àwọn kan ti jókòó sílẹ̀. Díákónì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìtùnú, ó sì ti dé ibi tó le níbẹ̀. Bàbá rẹ wá rò pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló gbé ìròyìn burúkú wá bá wa, wọ́n ń bẹ àwọn àlejò náà pé kí wọ́n sọ ẹni tó kú, pé ọkùnrin làwọn, àwọn á gbà á. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni yóò ti jáde. Wọ́n ń wò wá, àwa náà ń wò wọ́n.

Nígbà tí iná tàn, tí mo ṣàlàyé pé ọmọ mi ló ní kí a pa iná nítorí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ti jókòó sílẹ̀ dìde. Díákónì ṣe àmín níbi tí àdúrà náà dé. Ìyá Kifayah ṣa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílẹ̀, ó ní irú ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èkó tí wọ́n fi ń fi òbí sínú òkùnkùn, inú sì bí i sí mi bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè òkú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ìrókò fi ń pè ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n ń bi ọ́ bóyá ìwọ ni, tó o bá sì ti ní ìwọ ni, wọ́n á gé e. Má bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ kí iná tó tàn dára púpọ̀, ìwọ̀nba ni alààyè tó rí irú rẹ̀ gbà. Àmọ́ bàbá rẹ ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n gbé àga wọn.

Ìgbà náà ni o wá fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, o sọ̀rọ̀. Kò yé mi, mo ní kó o tún un sọ, mo tẹ̀ ẹ́, o tún un sọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, mo tún bẹ̀ ọ́, o tún un sọ, o ò sì bínú rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìwà yìí, torí nígbà tó o wà ní kékeré, bí a bá pe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì fún ọ, ńṣe lo máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. O ní kí pálọ̀ má ṣe mọ́lẹ̀ jù, kó má sì ṣe ṣókùnkùn. O ní ká wá iná kékeré tí kò funfun, ká gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kó kọjú sí ògiri, kí iná kankan má ṣe dojú kọ gíláàsì rẹ̀, ká sì ta aṣọ sí fèrèsé bó bá jẹ́ ọ̀sán. O ní kí àga wa jìnnà díẹ̀, kó sì kọjú sí i gbọọrọ.

Ti ẹ̀yìn yẹn ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Mo rò ó pé bóyá ẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń gbà wọlé, tó o ò sì fẹ́ kí wọ́n kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá rántí ìgbà tí èmi àti ìyá bàbá rẹ máa ń yan gàrí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ wa lábà. Ìyá kì í jẹ́ kí n gbé àtùpà síwájú wa. Wọ́n ní bí iná bá wà láàárín ojú rẹ àti agbada, iná lò ń wò, gàrí á jó. Ara òpó ẹ̀yìn ààrò ni wọ́n máa ń gbé e kọ́, kó máa tàn sára ògiri ahéré. Mo ní háà, gàrí ni ọmọ yìí ń sọ, ó kàn ń pè é ní tẹlifíṣọ̀n ni. Mo gbé àtùpà kékeré tó ń gba oòrùn sára, èyí tí mo fi ń ṣọ́ àwọn òròmọdìẹ, mo fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì bò ó kó má baà funfun, mo tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Mo yọ gílóòbù ńlá, mo ta ìró mi àtijọ́ sójú fèrèsé.

Mi ò pe bàbá rẹ. Mo kàn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, mo gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè díẹ̀, ọkùnrin oníṣu yẹn ló sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n bi mí láti abẹ́ igi pé ṣé inú òkùnkùn ni mo tún wà, ṣé kí àwọn tètè lọ sọ fún Ìyá Kifayah pé kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ògiri ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n mọ́ rekete, bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, a sì ń rí gbogbo nǹkan nínú ilé, àmọ́ kò sí èyí tó ń gún ni lójú. Gílóòbù ti kúrò lórí ọkùnrin náà. Bàbá rẹ jókòó létí àga, lẹ́yìn náà wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ọwọ́ wọn, wọn ò gbé e nu ojú.

Nígbà tó ṣe, mo rí i pé kì í ṣe ọkùnrin oníṣu ni wọ́n ń wò. Kọ̀rọ̀ apá òsì ni wọ́n ń wò. Wọ́n bi mí pé obìnrin yẹn dà. Mo ní obìnrin wo. Wọ́n ní èyí tó máa ń jókòó síbẹ̀. Mo ní ṣé àwọn náà kọ́ ló sọ fún mi pé èmi ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní àwọn ti máa ń wò ó bí ìròyìn bá sú àwọn, pé bí wọ́n bá sọ ohun tí kò dáa, ó máa ń fajú ro bí ẹni pé ará ilé rẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì ṣe ẹ̀fẹ̀, ó máa ń fi etí ìborùn bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ mi, àwọn ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí oko la máa ń wà, ebè ni ojú àwọn máa ń wò. Mo dìde, ọmọ mi. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná, mo sì lọ dúró sílé ìdáná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ìgbà tí mo padà, wọ́n ti yí àga wọn. Èjìká kan kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, èkejì kọjú sí mi. Bí wọ́n ṣe ń jókòó láti ọjọ́ náà nìyẹn, wọ́n á wo ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wo ibí díẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. A ti sọ̀rọ̀ èèbù, a ti sọ̀rọ̀ ìyá wọn, a ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí ilé bàbá mi tí ajá lé wọn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n rántí.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Àwọn òròmọdìẹ ti wà nínú òkùnkùn báyìí, ìyá wọn sì ń bá mi kanra, nítorí náà fi owó àtùpà mìíràn ránṣẹ́. Fi ti kọ́tìnnì kún un, torí mo fẹ́ gba ìró mi padà. Tún fi owó obì àti bísíkíìtì sí i fún àwọn tó wá bá wa sunkún rẹ, wọ́n ṣe é tọkàntọkàn, kò sì yẹ kó jẹ́ lásán. Ọ̀dọ̀ Tẹniọlá tó ń fún ni lówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ni kó o fi gbogbo rẹ̀ sí. Ọmọ dáadáa ni, kò mọ̀ ọ́ rí, síbẹ̀ bí mo bá ti dárúkọ rẹ, á gbé owó ara rẹ̀ fún mi. Mo máa ń ṣàdúrà fún un kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa tibẹ̀ dàrú.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kó o bá mi bi àwọn tó mọ̀ níbẹ̀. O ní kí àga kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ. Ti bàbá rẹ kò kọjú sí i gbọọrọ mọ́. Ṣé yóò ba ojú wọn jẹ́ bí?

Ọlọ́run kò ní pa iná ilé rẹ. Ibi tó o bá kọjú sí, ire ni yóò máa kọjú sí ọ. Ìwọ àti ìyàwó rẹ á jọ gbó, ẹ á jọ tọ́, ẹ ò ní máa wá ọ̀rọ̀ sọ fún ara yín. Bàbá rẹ kí ọ, wọ́n ní ọkùnrin oníṣu yẹn kò tíì mọ èèbù gé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbíkẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí wọ́n bá ní yóò ba ojú wọn jẹ́, má wulẹ̀ sọ fún wa.